Bísíkíìtì Tán, Agolo Kù

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ka oríṣi ọjà 41 sílẹ̀, ó ní òun kò ní fún ẹnikẹ́ni ní dọ́là láti fi kó wọn wọ̀lú mọ́. Ìrẹsì wà níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀. Wilibáró àti igi tí a fi ń tayín pàápàá kò yọ. Bísíkíìtì kò sí níbẹ̀, àmọ́ àpótí onírin àti agolo wà níbẹ̀ kedere. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ ìwé náà má ro ti bísíkíìtì rárá, síbẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ti ṣe tipẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ni òun náà ṣe: ó ya agolo sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní Àlápòtí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ àti ilé tuntun ti ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ó ṣòro kí èèyàn wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kó má bá irú agolo yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó rí roboto, ó pẹrẹsẹ, àwọ̀ aró ni wọ́n kùn ún, ilé oko kan sì wà lára ìdérí rẹ̀. Òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì, síìpù àti téèpù ìwọnṣọ ló kún inú rẹ̀. Nínú yàrá àwọn àgbàlagbà, ìwé ilẹ̀, rìsíìtì owó orí, fọ́tò ìgbéyàwó àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ló máa ń wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá dọ́gbọ́n ṣí i nítorí àtijẹ bísíkíìtì, abẹ́rẹ́ ni yóò fọwọ́ bà. Ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà láàárín ọdún 1980 sí 2000 tí irú ìjákulẹ̀ yìí kò bá rí kò wọ́pọ̀.

Ibo wá ni agolo yìí ti wá?

Orílẹ̀-èdè Dẹ́nmákì ni, ní ìhà àríwá Yúróòpù. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń gbin ọkà tà tipẹ́, títí ọkà olówó pọ́ọ́kú láti Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà fi ya wọ ọjà Yúróòpù láàárín ọdún 1870 sí 1880, tó sì ba ọjà wọn jẹ́. Wọn kò jókòó sunkún. Wọ́n fi ọkà bọ́ màlúù, wọ́n sì dojú kọ wàrà àti bọ́tà. Ní ọdún 1882, àwọn àgbẹ̀ abúlé Hjedding, ní ìwọ̀ oòrùn Jutland, pa owó pọ̀, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ wàrà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájọṣe sílẹ̀. Ìlànà irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ìbò kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní: ẹni tó ní màlúù méjì àti ẹni tó ní ogójì, ohùn wọn dọ́gba. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi wọlé, irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lé ní 1,000 ní Dẹ́nmákì, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń ra bọ́tà wọn jù.

Ibi tí bọ́tà bá ti pọ̀ tó báyẹn, bísíkíìtì kò ní ṣàì gbà nínú rẹ̀. Ìdílé Dẹ́nmákì kì í ṣe ọdún Kérésì láìsí àkójọ bísíkíìtì kéékèèké tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe nílé. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn rí bí òrùka, tí òórùn fànílà rẹ̀ ń ta sánsán. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: ìyẹ̀fun àlìkámà, bọ́tà, ṣúgà, ẹyin nígbà mìíràn, àti fànílà. Bọ́tà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń bo ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀ kó má baà fà bíi ti búrẹ́dì, ìdí nìyẹn tí bísíkíìtì náà fi máa ń fọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu kí eyín tó ṣe wàhálà kankan.

Ní ọdún 1933, tọkọtaya kan, Marinus àti Anna Kjeldsen, ṣí ilé búrẹ́dì sí ìlú kékeré Nørre Snede ní Jutland. Bísíkíìtì oníbọ́tà wọn ló sọ orúkọ ìdílé náà di orúkọ ọjà. Ilé iṣẹ́ kejì, Royal Dansk, bẹ̀rẹ̀ ní Helsingør ní ọdún 1966, òun ló ni agolo aláwọ̀ aró tí gbogbo ayé mọ̀. Ilé oko tó wà lára agolo náà kì í ṣe àròsọ ayàwòrán. Hjemstavnsgaarden ni orúkọ rẹ̀, ní Gummerup, ní erékùṣù Funen. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni lónìí. Obìnrin aránṣọ tó ń wo ilé yìí lójoojúmọ́ lórí tábìlì ní Ọ̀tà ti mọ òrùlé koríko rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ará Dẹ́nmákì lọ. Ní ọdún 1990 ni Kjeldsen àti Royal Dansk di ọ̀kan, tí wọ́n ń jẹ́ Kelsen.

Àṣà kíkó bísíkíìtì sínú agolo aláràbarà kò bẹ̀rẹ̀ ní Dẹ́nmákì o. Reading, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti gbilẹ̀. Ilé iṣẹ́ Huntley & Palmers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1822, ń ta bísíkíìtì fún àwọn arìnrìn-àjò tó bá fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Bísíkíìtì a máa fọ́, a sì máa rọ̀ bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi agolo dè é. Ní ọdún 1868 wọ́n gbé agolo aláwòrán àkọ́kọ́ wọn jáde. Ní 1875, Robert Barclay gba àṣẹ lórí ọgbọ́n títẹ àwòrán sára irin tààrà, agolo sì wá di ohun tó lè wọ aṣọ aláwọ̀ púpọ̀ láìsí ìwé tó máa ya lára rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti mọ̀ pé bí agolo bá lẹ́wà, kò sẹ́ni tó máa jù ú nù, orúkọ wọn á sì wà nínú ilé oníbàárà títí ọmọ rẹ̀ á fi dàgbà. Ìpolówó ọjà tí kò ní gba owó lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ohun tó yẹ ká tún wò ni irin tí wọ́n fi ń ṣe é. Irin lásán kọ́ ni agolo bísíkíìtì. Wọ́n máa ń fi irin funfun rírọ̀ kan, tíìnì, bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó má baà dógùn-ún. Orí òkè Jos sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí tíìnì pọ̀ sí jù láyé nígbà ìjọba amúnisìn. Kí òyìnbó tó dé, àwọn ará ibẹ̀ ti ń yọ́ tíìnì ní Liruei-n-Delma, tí wọ́n ń tà á lọ sí Kánò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ òyìnbó gba ilẹ̀ ìwakùsà, wọ́n pa ìléru àwọn onílé, wọ́n sì ń kó kùsà náà lọ yọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí Japan gba Malaya tí tíìnì sì wọ́n, ìjọba amúnisìn fi tipátipá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin láti ìhà àríwá lọ sí ibi ìwakùsà Jos láàárín ọdún 1942 sí 1944. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà sílé. Àwọn tó ń ra agolo aláwòrán ní ṣọ́ọ̀bù ńláńlá Èkó nígbà náà, ó lè jẹ́ kùsà Nàìjíríà ló ń padà wá bá wọn, tí wọ́n ti kùn lọ́dà.

Ṣúgà náà ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà kò sì dùn. Dẹ́nmákì kì í ṣe àjèjì sí etí òkun wa. Láti ọdún 1661 ni wọ́n ti kọ́ ilé olódi Christiansborg sí Osu, ní Accra. Ní 1784 wọ́n kọ́ òmíràn sí Keta, tí kò jìnnà sí ààlà Tógò òde òní. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n fi ń ro oko ìrèké ní erékùṣù St. Croix àti àwọn erékùṣù kejì rẹ̀. Àpapọ̀ àwọn tí ọkọ̀ Dẹ́nmákì kó kọjá òkun lé ní 100,000. Ní 1792 ni ọba wọn ṣòfin pé òwò náà yóò dópin ní 1803. Ní 1850 wọ́n ta àwọn ilé olódi náà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 1917 wọ́n sì ta àwọn erékùṣù fún Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 25 dọ́là. Royal Dansk kò tíì sí láyé nígbà yẹn. Àmọ́ ibi tí ará Dẹ́nmákì ti kọ́ bí a ti ń fi ṣúgà sí ohun gbogbo, oko tí ọmọ Áfíríkà ro ni.

Nílẹ̀ Yorùbá, búrẹ́dì ló kọ́kọ́ mọ́ wa lẹ́nu kí bísíkíìtì tó rí àyè. Amos Shackleford, ará Jamaica tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní ọdún 1913, ló sọ búrẹ́dì di òwò ńlá ní Èkó, débi tí wọ́n fi ń pè é ní ọba oníbúrẹ́dì. Bísíkíìtì inú agolo ní tirẹ̀ jẹ́ oúnjẹ àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn: akọ̀wé ìjọba, oníṣòwò, ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Kingsway, tó ṣí ilé ìtajà ńlá rẹ̀ ní Marina ní 1948, wà lára ibi tí irú wọn ti ń ra ẹ̀bùn Kérésì. Ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá, bísíkíìtì inú nàìlọ́nù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ ọmọ iléèwé. Ìjọba Babangida fòfin de àlìkámà láti òkè òkun ní ọdún 1987, ó sì tú òfin náà ká ní 1992. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, oníbúrẹ́dì ń fi àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ dán ìyẹ̀fun wò, ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ àlìkámà sì gbówó lórí.

Agolo ní tirẹ̀ kò mọ ọ̀wọ́n. Kí agolo aláwọ̀ aró yìí tó dé rárá ni ọjà Yorùbá ti ń sọ agolo òyìnbó di ohun èlò tirẹ̀. Agolo sìgá, èyí tó ń gba àádọ́ta sìgá, di ohun tí wọ́n fi ń wọn gàrí àti ẹ̀wà. Agolo tòmátò kan tí wọ́n kọ De Rica sí lára di dẹ́ríkà. Títí dòní, ọmọ tí kò rí tòmátò náà rí mọ iye tí dẹ́ríkà ìrẹsì kan jẹ́. Garawa kẹrosíìnì di ohun ìpọnmi. Agolo mílíìkì di fìtílà lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ páànù, tí wọ́n á lu ihò sí i lórí, tí wọ́n á ki òwú bọ̀ ọ́, tí ilé tí kò ní iná mànàmáná á sì fi ríran. Agolo sàdíìnì di mọ́tò ọmọdé, pẹ̀lú ìdérí kòkòkólà fún táyà. Kò sí ohun tó kàn gbé orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ wọ ọjà wa tí kò di nǹkan mìíràn.

Agolo bísíkíìtì nìkan ni kò lọ sọ́jà. Kò ṣeé fi wọn nǹkan, ó pẹrẹsẹ jù. Kò ṣeé fi pọnmi. Ìdérí rẹ̀ máa ń wọ̀ ọ́ dáadáa tí atẹ́gùn kò fi lè wọlé, aáyán àti eku kò sì rí i jẹ. Nítorí náà inú yàrá ló wọ̀ lọ, ó sì bá àpótí onígi àti igbá onídèérí dupò. Nílé tí yàrá kan ṣoṣo ti gba ìdílé, tí kò sí dúróò, agolo yìí ni ibi ìpamọ́ tí ìyá lè tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó tún bójú mu. Àlejò tó bá rí i kò ní mọ̀ pé owó àjọ ló wà níbẹ̀.

Ìtàn agolo yìí ní agbègbè Ọ̀tà kò ṣeé yà kúrò lára ọ̀nà. Títì tó gba Sángo-Ọ̀tà kọjá ní Àtàn ló lọ sí Ìdíròkó, ní ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976 ni ilé iṣẹ́ ti ń ti Èkó tú wá sí ìhà yìí, nítorí ilẹ̀ kò wọ́n tó ti Ìkẹjà. Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà fúnra rẹ̀ jáde ní 1989. Báyìí ni ilẹ̀ àwọn Àwórì di ilẹ̀ onírin, onípáálí àti oníbísíkíìtì, nígbà tí ẹrù tó ń ti Kùtọnu bọ̀ sì ń gba iwájú ẹnu ọ̀nà wọn kọjá, èyí tó ní ìwé àti èyí tí kò ní.

Olusegun Obasanjo, tó dá oko ńlá sílẹ̀ ní Ọ̀tà lẹ́yìn tó gbé ìjọba kalẹ̀ ní 1979, ló padà di ààrẹ ní 1999. Nígbà tirẹ̀ ni ìjọba fòfin de bísíkíìtì òkè òkun, pẹ̀lú omi inú ike, ṣokoléètì àti sìpàgẹ́tì. Òfin náà ní èso. Ilé iṣẹ́ Beloxxi, tó ń kó bísíkíìtì wọlé tẹ́lẹ̀, kọ́ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sí Agbára, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Àlápòtí, bísíkíìtì krákà rẹ̀ sì ti di ohun tí kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í tà á. Àmọ́ òfin kò pa ìfẹ́ agolo. Nígbà tí òfin náà wà, bí Kérésì tàbí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, agolo aláwọ̀ aró á tún yọjú nínú hámpà. Ọ̀nà wo ló gbà wọlé? Kò sẹ́ni tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé hámpà wá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Buhari ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Wọ́n ṣí mẹ́rin nínú wọn ní ìparí ọdún 2020, ti Ìdíròkó kò sí níbẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó gbà kí òun náà ṣí. Ẹni tó bá gbé lórí títì yẹn ní àkókò náà mọ ohun tó túmọ̀ sí: ọlọ́kọ̀, alágbàrù, olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì, gbogbo wọn ló pa run.

Lágbàáyé, agolo náà ń pààrọ̀ ọwọ́ àwọn olówó. Ilé iṣẹ́ Campbell ti Amẹ́ríkà ra Kelsen ní 2013 ní mílíọ̀nù 325 dọ́là, nítorí ó wu wọ́n bí àwọn ará Ṣáínà àti Hong Kong ṣe ń fi bísíkíìtì náà ta ara wọn lọ́rẹ nígbà ọdún tuntun. Ní 2019 wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìdílé Ferrero, ní mílíọ̀nù 300. Wọ́n pàdánù díẹ̀. Àwọn mìíràn ti rí i pé àwọ̀ aró àti ìrísí òrùka kò gbọ́dọ̀ ti Dẹ́nmákì wá dandan. Danisa, tó lókìkí ní Éṣíà, Indonesia ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ kó má wo àwòrán iwájú agolo, kó yí i padà kó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn. Bí bọ́tà bá wà lókè, tí kò sì sí òróró ọ̀pẹ tàbí màjárínì, ó súnmọ́ òótọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe kókó nílẹ̀ wa, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń pè ní bọ́tà láti kékeré, Blue Band ni, màjárínì sì ni Blue Band. Ahọ́n tí kò tíì tọ́ bọ́tà gidi wò kò lè mọ ìyàtọ̀ níjọ́ kìíní.

Jíjẹ rẹ̀ náà ní ètò. Inú ìwé funfun kéékèèké tó ṣẹ́ po ni wọ́n tò wọ́n sí, ìpele lórí ìpele. Èyí tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí ṣúgà hóró-hóró wà lórí rẹ̀, ló máa ń kọ́kọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni òrùka fànílà, lẹ́yìn náà èyí tó ní àgbọn. Èyí tó rí gbọọrọ ló máa ń gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ sì rèé òun ni bọ́tà hàn nínú rẹ̀ jù. Tíì gbígbóná tí kò ní ṣúgà ló bá a mu; mínírà tútù á bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń gbé fún àlejò pẹ̀lú rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ mú ìdènà orí àwọn ọjà ọdún 2015 kúrò. Àpótí onírin àti agolo tún lómìnira láti rí dọ́là rà. Àmọ́ náírà ti jábọ́ nígbà náà, ẹni tó lè ra agolo kan fún ọdún sì ti dín kù. Àwọn obìnrin tó ń yan bísíkíìtì àti ṣinṣín nínú ilé ní Sángo àti Ọ̀tà ti ń gba ọjà náà lọ́wọ́ Dẹ́nmákì díẹ̀díẹ̀. Inú rọ́bà onídèérí pupa tí ó mọ́ gaara ni wọ́n ń kó tiwọn sí, kí oníbàárà lè rí ohun tó ń rà. Rọ́bà náà kì í dógùn-ún, owó rẹ̀ kò sì tó ti agolo. Àwọn télọ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀: bí oòrùn bá pa á fún oṣù mélòó kan, ó ń sán, ìdérí rẹ̀ kò sì ní wọ̀ mọ́. Aránṣọ tí agolo rẹ̀ ti dógùn-ún máa ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà tó bá ní ẹbí nílẹ̀ òkèèrè, bóyá wọ́n ní òfìfo kan nílé.